Fero, ferre, tuli, latum: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì kan

Ẹni tó bá ti kọ́ èdè Látìnì fún oṣù mélòó kan kò ní ṣàì kan fero lọ́nà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹ́ pa ìwé dé. Mo kó ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu. Wọn ò tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti ìwé gírámà. Ẹni tó bá fẹ́ ti Lúsíférì nìkan lè fo ìyókù.

Kí ni fero túmọ̀ sí gan-an?

Ìwé atúmọ̀-èdè á ní "gbé" ni. Kò parọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Èdè tiwa kì í gbà kí ènìyàn gbé nǹkan láìsọ bó ṣe gbé e. Ohun tó wà lórí, a rù ú. Ọmọ tó wà lẹ́yìn, a pọ̀n ọ́n. Èyí tó wà lọ́wọ́, a mú un dání. Tó bá pọ̀, a kó o. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán wa, a jẹ́ ẹ. Fero kò dá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Obìnrin tó ru ìkòkò omi, ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra, ẹrú tó mú lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ dání: fert ni ará Róòmù lè pe iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, "Tíṣà, kí ni fert níbí?", èmi náà á bi í padà: "Kí ló gbé?" Ẹrù ló ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí a máa lò ní Yorùbá. Ẹni tó bá ń kọ "gbé" síbi gbogbo lè gba máàkì o, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ á máa dún bíi ti àjèjì.

Kò sì mọ sórí ẹrù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí igi ló ń ṣe é, "so" tàbí "mú jáde" ni: terra fruges fert, ilẹ̀ ń mú irè oko jáde. Ibẹ̀ ni fertilis ti wá, ìyẹn ilẹ̀ ọlọ́ràá, òun náà ló sì fara pamọ́ sínú fatiláísà tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajílẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọn ì bá máa pè é. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni, ará Róòmù á ní ọ̀nà "gbé" ènìyàn dé ìlú, àwa á ní ó já sí ìlú. Bó bá jẹ́ òfin, legem ferre, kí ènìyàn gbé àbá òfin wá síwájú àwọn ará ìlú kí wọ́n dìbò lé e lórí. Legis lator, ẹni tó gbé òfin wá, ló di orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn aṣòfin títí dòní.

Kí ló dé tí fero, tuli àti latum kò jọra rárá?

Nítorí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di ọ̀kan. Fero, tó jẹ́ ti ìsinsìnyí, bá phero ti Gíríìkì, bharati ti Sanskrit àti bear ti Gẹ̀ẹ́sì tan. Ọ̀rọ̀ gbígbé ni gbogbo wọn ń sọ. Tuli, tó jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, wá láti ìdílé mìíràn, ìdílé tollo, "mo gbé e sókè", àti tolerare, "kí a fara dà". Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé ìdílé tuli yìí náà ni latum ti wá. Tlatum ló jẹ́ nígbà láéláé, kí Látìnì tó gé t iwájú rẹ̀ dànù. Mẹ́ta tí ẹ rí yẹn, méjì ni wọ́n. Nínú àwọn eré orí ìtàgé Plautus, ẹ ṣì lè rí tetuli, bí tuli ṣe rí kí ó tó ju apá iwájú rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá dà bí idán lójú yín, ẹ rántí go àti went ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni a tilẹ̀ ń lọ jìnnà sí? A máa ń sọ pé "ó wà nílé", ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, a kì í ní "kò wà nílé". "Kò sí nílé" là ń wí. Wà lọ, sí dé. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní èyí, ọmọ náà kò sì ní ṣì í sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Róòmù kò jókòó há fero, tuli sórí.

Ṣé ó pọn dandan kí èmi há a sórí?

Ó pọn dandan, nítorí ẹ kì í ṣe ọmọ Róòmù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni: fero, ferre, tuli, latum. Àwọn yòókù ń ti ara wọn jáde. Ti ìsinsìnyí lọ báyìí: fero, fers, fert, ferimus, fertis, ferunt. Ẹ wò ó pé fers, fert àti fertis kò ní fáwẹ̀lì láàárín r àti ìparí ọ̀rọ̀, nígbà tí rego tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní regis, regit, regitis. Ferre náà, ferere ni à bá máa retí. Bó bá jẹ́ àṣẹ là ń pa fún ẹnì kan, fer lásán ni, kò ní e lẹ́yìn. Ó bá dic, duc àti fac kẹ́gbẹ́, mẹ́rin tí àṣẹ wọn kúrú bí "wá" àti "lọ" tiwa.

Ti ọjọ́ iwájú ni feram, feres, feret. Ẹ ṣọ́ feram, nítorí ó tún lè jẹ́ "kí n gbé", àyíká ọ̀rọ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tuli kò ní wàhálà kankan: tuli, tulisti, tulit, bíi ti gbogbo ayé.

Ṣé òótọ́ ni pé ferunt lè jẹ́ "wọ́n ní"?

Òótọ́ ni. Ferunt, wọ́n ń gbé e, ìyẹn wọ́n ń gbé e kiri lẹ́nu. Fertur náà bẹ́ẹ̀: Romulus urbem condidisse fertur, wọ́n ní Romulus ló tẹ ìlú náà dó. Látìnì sọ Romulus fúnra rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri. Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀, "wọ́n" tí kò lójú tí kò nímú la máa ń tì síwájú, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ìyàtọ̀ kan ṣáá wà níbẹ̀. Bí a bá sọ pé lágbájá ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, a ti bú u. Ferunt kò ní òórùn òfófó lára. Òpìtàn tó mọṣẹ́ ń lò ó nígbà tí kò bá fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ìtàn.

"Fara dà á" ńkọ́?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 63 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń ṣe olórí Róòmù lọ́dún náà, dìde níwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Catilina tó ń gbìmọ̀ láti dojú ìjọba bolẹ̀ wà ní ìjókòó. Cicero sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kò lè bá wọn gbé mọ́: non feram, non patiar, non sinam. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, ó lù wọ́n tẹ̀ léra bí ìlù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ fún mi rí pé "mi ò ní gbé e", gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Tèmi nìyí: "Mi ò ní fara dà á, mi ò ní gbà á, mi ò ní jẹ́." Ẹ kà á sókè. "Mi ò ní jẹ́" yẹn ni non sinam gẹ́lẹ́, ó sì bọ́ lẹ́nu bó ṣe bọ́ lẹ́nu Cicero.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, wọ́n máa ń so ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ fero láti fi sọ bí ẹrù náà ṣe rí lára. Aegre fero tàbí moleste fero, ó dùn mí, ó ká mi lára. Facile fero, kò ni mí lára. Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbólóhùn náà? Lọ́dọ̀ tiwa, ìbànújẹ́ ló ń ṣe nǹkan sí ènìyàn: ó dùn ún, ó bà á nínú jẹ́. Lọ́dọ̀ ará Róòmù, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ olùwà ní Látìnì gbọ́dọ̀ di àbọ̀ ní Yorùbá. Nínú gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo ń mákì, ibí yìí ni gègé pupa mi ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ibi tí tiwa ti sún mọ́ tiwọn díẹ̀ ni "má gbé e sọ́kàn".

Ẹ túmọ̀ timeo Danaos et dona ferentes fún wa.

"Ẹ̀rù àwọn ará Gíríìkì ń bà mí, àní bí wọ́n bá ń mú ẹ̀bùn bọ̀." Inú ìwé kejì ewì Aeneid ti Vergilius ló wà, alùfáà Laocoön ló sì sọ ọ́ nígbà tí àwọn ará Troy fẹ́ fa ẹṣin onígi tí àwọn ará Gíríìkì, ọ̀tá wọn, fi sílẹ̀ wọ ìlú. Wọn kò gbọ́.

Ohun méjì ló máa ń ṣì wọ́n lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni et. Gbogbo wa la kọ́ ọ pé "àti" ni, akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ pé òun bẹ̀rù ará Gíríìkì àti àwọn tó ń mú ẹ̀bùn bọ̀, bí ẹni pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Níbí, "àní" ni et. Èkejì ni ferentes: Danaos ló ń júwe, àwọn ará Gíríìkì náà ló ń mú ẹ̀bùn bọ̀. Bí ẹ bá rí ferentis nínú ìwé mìíràn, ẹ má fi gègé gé e. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ìparí yẹn láyé Vergilius nìyẹn, àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ lónìí kan ṣì tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan bi mí pé, ṣé kì í ṣe "fà" ló yẹ, nígbà tó jẹ́ ẹṣin ńlá ni? Ìbéèrè dáadáa. Ṣùgbọ́n Laocoön kò sọ̀rọ̀ ẹṣin níbẹ̀, ẹ̀bùn ló ń sọ, ẹ̀bùn sì ni nǹkan tí a ń mú wá, ì báà tóbi bí òkè.

Lúsíférì ńkọ́? Ṣé Sátánì ló ni ọ̀rọ̀ náà?

Rárá. Lux ni ìmọ́lẹ̀ (òun náà ló wà nínú Spero lucem, "mo ń retí ìmọ́lẹ̀", àkọlé King's College ní Èkó). Fer ni ẹni tó gbé e wá. Ìràwọ̀ tó máa ń yọ kí oòrùn tó yọ ni àwọn ará Róòmù ń pè ní lucifer. Àwa mọ̀ ọ́n sí Àgùàlà, èyí tí òwe ní ó ń bá òṣùpá rìn, tí wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Ó dé inú Bíbélì Látìnì ní Aísáyà 14:12, níbi tí wòlíì ti ń fi ọba Bábílónì ṣe yẹ̀yẹ́: báwo ni ìwọ ìràwọ̀ òwúrọ̀ ṣe já bọ́ láti ọ̀run! Àwọn bàbá ìjọ ìgbàanì ló wá ka ẹsẹ náà sí ti Sátánì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ bá wọn lọ dé ìdajì ọ̀nà. Ó kọ Lúsíférì, ó sì tún fi "ìràwọ̀ òwúrọ̀" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa ń rò pé ọgbọ́n ló fi ṣe é. Ẹ wá ṣí Pétérù Kejì 1:19 nínú Látìnì. Lucifer kan náà ló wà níbẹ̀, inú ọkàn àwọn onígbàgbọ́ ló ti ń yọ, kò sì ní láburú kankan nínú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní Cagliari ní erékùṣù Sardinia. Lucifer ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló tún parí sí -fer?

Wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà nínú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ìjọ Áńgílíkà tàbí ìjọ Àgùdà mọ méjì dáadáa: crucifer, ẹni tó ń gbé àgbélébùú ṣíwájú, àti thurifer, ẹni tó ń mú àwo tùràrí. Kí ìró má tàn yín jẹ o. Thus ni Látìnì ń pe tùràrí. Ọ̀rọ̀ tiwa, ọ̀nà Hausa ló bá dé.

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù, signifer ló ń gbé àsíá, aquilifer ló ń gbé idì, ìyẹn ère ẹyẹ idì tó wà lórí ọ̀pá. Ìtìjú ńlá ni fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ọ̀tá bá gba idì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Jésù, ọkọ̀ Julius Caesar dé etíkun Bìrìtéènì, àwọn ọmọ ogun sì ń lọ́ tìkọ̀ láti bọ́ sílẹ̀ nítorí pé omi jìn. Aquilifer ẹgbẹ́ kẹwàá ló kígbe pé kí wọ́n fò sílẹ̀, àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi idì lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ó bẹ́ sómi, Caesar sì kọ ọ́ pé aquilam ferre coepit, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé idì náà lọ bá wọn. Caesar kò dárúkọ ọkùnrin náà. Níbí, "gbé" ló tọ́, nítorí idì orí ọ̀pá gígùn ni. Ẹni tó bá kọ "ru idì" ti sọ ọ́ di ẹrù ọjà.

Kí ló dé tí fero fi ń yí padà bí àfòmọ́ bá wà níwájú rẹ̀?

Àrànmọ́ ni, irú èyí tó sọ ará ìlú di aráàlú. Ad àti fero di affero, mo mú un wá. Aufero, mo mú un lọ, dà bí ab àti fero, àmọ́ au iwájú rẹ̀ kì í ṣe ab gan-an, ìtumọ̀ wọn ló jọra. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé tuli àti latum ní àrànmọ́ tiwọn lọ́tọ̀: affero, attuli, allatum, aufero, abstuli, ablatum. Inú ablatum yìí ni orúkọ ìpò ablative ti wá, ìpò tó ń fi ibi tí a ti mú nǹkan kúrò hàn.

Bí kíláàsì bá ti ń tòògbé, transfero, transtuli, translatum ni mo fi máa ń jí wọn. Mo á ní, ta ló ti ṣe tíránsífà lónìí? Gbogbo ọwọ́ á lọ sókè. Trans ni òdì kejì: wọ́n gbé owó sọdá láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Translatum kan náà ló di translation, kí a gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sọdá sí èkejì. Ní ojú Látìnì, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé àti ẹni tó ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Yorùbá kò rí i bẹ́ẹ̀. "Tú" ló bẹ̀rẹ̀ túmọ̀ tiwa, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú ìdì ẹrù.

Refero, rettuli, relatum ni mo gbé e padà, mo ròyìn. Rẹfirí orí pápá bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ló ti wá, ẹni tí a ń gbé ẹjọ́ lọ bá, àti referendum, ohun tó yẹ kí a gbé padà lọ bá àwọn ará ìlú. Confero, contuli, collatum: mo kó o jọ, tàbí mo fi wé òmíràn. Differo ní ojú méjì, mo sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, àti mo yàtọ̀. Offero, mo gbé e síwájú rẹ. Suffero, mo gbé e láti abẹ́, ìyẹn mo jìyà; èyí ti gba inú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú Pidgin, kò sì sí ará Èkó tó nílò tíṣà fún ìtumọ̀ rẹ̀.

Nínú Mísà a máa ń gbọ́ qui tollis peccata mundi, "ìwọ tó mú ẹ̀ṣẹ̀ ayé kúrò". Ṣé tollo àti fero bára tan?

Wọ́n wọ inú ara wọn gan-an. Tuli tí fero ń lò, ìdílé tollo ló ti gbà á, mo ti sọ ọ́ lókè. Nígbà tí tollo wá nílò èyí tí yóò máa lò fún ohun tó ti kọjá, ó lọ yá sustuli àti sublatum lọ́wọ́ suffero. Bí ẹni tó lọ yá ẹrù ara rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ti ìtumọ̀ rẹ̀ ló dùn jù. Nínú Jòhánù 1:29, Látìnì ní peccatum, ẹ̀ṣẹ̀ ẹyọ kan. Nínú Mísà ó jẹ́ peccata, ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ní Yorùbá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá sọ pé Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run "kó" ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ. A kì í kó ohun kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ló sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà di púpọ̀. Ẹ tún wo Aísáyà 53:4, níbi tí Jerome, tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì, ti lo tulit, tó sì tún lo portavit. Yorùbá àtijọ́ náà fi méjì pàdé rẹ̀: rù àti gbé.

Kí ló ya fero, porto, gero àti veho sọ́tọ̀?

Porto ni ẹrù gidi tó wúwo. Veho ni kí ẹṣin, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ gbé e. Gero ni ohun tó wà lára, bí aṣọ, àti ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, bí ogun: bellum gerere, kí a máa jagun. Fero lè gba ipò púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má kọ bellum ferre bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ń jagun.

Ṣé ferrum, fera àti fere jẹ́ ẹbí rẹ̀?

Ìkankan kọ́. Ferrum ni irin. Fera ni ẹranko ìgbẹ́. Bí ẹ bá wá rí feram feram nínú àlọ́ olùkọ́ yín, "èmi yóò gbé ẹranko ìgbẹ́" ni. Fere ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìnì ni "fẹ́rẹ̀ẹ́". Èdè méjì tí kò bára tan rárá, ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ kan náà! Ẹ má lọ fi kọ́ ẹnikẹ́ni pé Róòmù ni a ti wá. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹ kàn fi há a sórí.

Gbólóhùn wo ló ní fero nínú tí mo lè fi ṣe àkọlé fún ẹgbẹ́ wa?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni palmam qui meruit ferat. Àkọlé Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ni, òun náà sì ni àkọlé University of Southern California ní Los Angeles. Àwọn ará Róòmù máa ń fún ẹni tó bá borí ní imọ̀ ọ̀pẹ. Ferat ni "kí ó", "gbé" kò sì bá a mu níhìn-ín, nítorí ẹ̀bùn ìṣẹ́gun ni ẹrù náà: "Kí ẹni tó tọ́ sí gba imọ̀ ọ̀pẹ." Bí ẹ bá máa kọ ọ́ sára ògiri ní abúlé, ẹ ronú sí imọ̀ ọ̀pẹ yẹn dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí wọ́n bá fi màrìwò sí, àwọn èèyàn kì í yà síbẹ̀ wá gba ẹ̀bùn.